Tanwíjí fún ẹja inú táǹkì: báwo la ṣe ń lò ó tí ilé ò fi ní kún fún ẹ̀fọn?

Adágún_Kékeré

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ẹja betta, akọ kan àti abo méjì, tí mo fẹ́ kí wọ́n bímọ. Agbo ẹja tetra kan tún wà nínú táǹkì kejì. Oúnjẹ gbígbẹ nìkan ni mo ń fún gbogbo wọn. Ara wọn le, àìsàn kankan ò ṣe wọ́n, àmọ́ akọ kì í kọ́ ìtẹ́ rẹ̀ sójú omi, inú àwọn abo náà ò kún fún ẹyin. Ẹnì kan tó ti pẹ́ nídìí ọ̀sìn ẹja ló ní kí n fi ìdin kòkòrò kún oúnjẹ wọn, pé tanwíjí ló dáa jù. Korobá kan wà lẹ́yìnkùlé tí omi òjò wà nínú rẹ̀. Mo lọ wò ó, tanwíjí ti kún un.

Ẹ̀fọn ló ń bà mí lẹ́rù, torí ọmọ kékeré wà nílé. Mi ò sì mọ̀ bóyá omi yẹn lè kó àrùn ran ẹja. Mo tún rí bloodworm, ìdin pupa kan, èyí tó dì àti èyí tó gbẹ, níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ẹja. Èwo ni kí n mú? Ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Bàbá_Aláwọ̀n

Ẹ mú tanwíjí, ẹ má ṣiyèméjì. Níbi tí betta ti ṣẹ̀ wá, inú omi tí ò jìn, tí kì í ṣàn púpọ̀, ló ń gbé, ìdin kòkòrò sì wà lára ohun tó ń jẹ níbẹ̀. Ẹ wo ẹnu rẹ̀, òkè ló kọjú sí. Tanwíjí náà, tó bá fẹ́ mí, ojú omi ló máa ń rọ̀ mọ́, á dorí kodò. Ẹja tí oúnjẹ gbígbẹ ti sú, tó bá rí i tó ń yí wìrìwìrì báyẹn, á sáré tẹ̀ lé e. Kí n tó pa akọ àti abo pọ̀, mo máa ń fún wọn ní tanwíjí lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, inú abo á sì yọ fún ẹyin.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí: korobá dúdú, ẹ gbé e sí ìbòòji. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ omi táǹkì, ẹ da omi tẹ́ ẹ yọ sínú korobá náà, ẹ ju ewé gbígbẹ díẹ̀ sí i. Bakitéríà àti èérí wẹ́wẹ́ tó ń jáde lára ewé ni tanwíjí ń jẹ. Kò ní pẹ́ tí ẹ̀fọn á fi wá yé sí i. Tí wọ́n bá tóbi, ẹ fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ kó wọn, ẹ dà wọ́n sínú asẹ́, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn wọ́n dáadáa. Omi korobá ò gbọdọ̀ wọ táǹkì. Ìwọ̀n tí ẹja lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta ni kí ẹ dà sí i, torí èyí tó bá ṣẹ́kù lè di ẹ̀fọn nínú ilé yín.

Nọ́ọ̀sì_Àdúgbò

Ẹ̀gbọ́n Aláwọ̀n, mo bọ̀wọ̀ fún ìrírí yín, ṣùgbọ́n mi ò lè dákẹ́ lórí korobá yìí. Ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ ní ọmọ kékeré nílé. Níbi tí ooru bá wà, ẹyin lè di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Ẹni tó bá gbàgbé korobá rẹ̀ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó ti sin ẹ̀fọn fún gbogbo àdúgbò nìyẹn. Irú ẹ̀fọn tí wọ́n ń pè ní Anopheles ló ń gbé ibà málaríà kiri. Aedes, irú mìíràn, ń gbé àrùn dengue, Zika àti ibà pọ́njú. Culex, irú kẹta, wà lára àwọn tó ń tan jàbùtẹ̀. Lórílẹ̀-èdè púpọ̀, ó lòdì sófin kéèyàn jẹ́ kí omi tó dúró máa mú ẹ̀fọn jáde nínú ọgbà rẹ̀.

Tanwíjí dídì wà tí ẹ lè rà. Tó bá ti mọ́ ẹja lára, á máa jẹ ẹ́ dáadáa. Ẹ da omi korobá yẹn nù lónìí, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni kí ẹ dà á sí, kì í ṣe inú gọ́tà tí omi ti dúró.

Bàbá_Aláwọ̀n

Àbúrò mi, òótọ́ lẹ sọ nípa àrùn. Àmọ́ ẹ̀fọn tó wá yé sínú korobá mi, ó ti wà ládùúgbò tẹ́lẹ̀. Tí kò bá rí korobá mi, á yé síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní kó o. Ẹni tó ń kó tanwíjí rẹ̀ déédéé ń dín ẹ̀fọn kù ni. Tí ẹ̀rù bá ń ba èèyàn, kó fi nẹ́ẹ̀tì bo korobá.

Ẹlẹ́yin_Omi

Tí ẹ bá fi nẹ́ẹ̀tì bò ó látìbẹ̀rẹ̀, ibo ni abo ẹ̀fọn máa gbà wọlé wá yé? Tí ẹ bá sì ṣí i sílẹ̀ gbayawu, ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ máa ṣẹlẹ̀. Ẹyin ni kí ẹ kó, kì í ṣe tanwíjí.

Culex máa ń lẹ gbogbo ẹyin rẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn, á léfòó sójú omi. Ìdìpọ̀ kan ò ju nǹkan bíi mìlímítà 6 ní gígùn lọ, ṣùgbọ́n ẹyin 100 sí 300 ló lè wà nínú rẹ̀. Òru ló sábà máa ń yé, torí náà àárọ̀ ni kí ẹ lọ wò ó. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yé, funfun ni. Láàárín wákàtí mélòó kan á ti dúdú, ẹlòmíì á rò pé èéfín iná ló já bọ́ sómi. Ẹ fi ṣíbí tàbí etí ewé bù ú, ẹ má tẹ̀ ẹ́ rì. Ẹ gbé e sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò tí omi wà nínú rẹ̀, ẹ fi aṣọ nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu ìgò náà, ẹ so ó kí ó le. Ọjọ́ kan sí méjì, ó ti pa.

Ẹ fún wọn ní ìwúkàrà, ìwọ̀n tó kéré gan-an, kí omi kàn rú díẹ̀. Oúnjẹ ẹja tí ẹ lọ̀ kúnná náà á ṣe é. Tí òórùn bá ti ń jáde lára omi, oúnjẹ ti pọ̀ jù nìyẹn, tanwíjí á sì kú. Ẹ máa bù wọ́n fún ẹja bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Tí ẹ bá rí èyí tí orí rẹ̀ ti tóbi, tó ká kò bíi kọ́mà, tí kò jẹun mọ́, ìyẹn ló kù díẹ̀ kó fò: ọjọ́ kan sí mẹ́ta ló kù fún un. Ẹja ń jẹ òun náà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó sùn mọ́jú nínú táǹkì.

Ní ti korobá tí ẹ̀fọn ń yé sí, ẹ máa da gbogbo omi rẹ̀ nù ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta sórí ilẹ̀ gbígbẹ, bóyá ẹ rí ẹyin níbẹ̀ o, bóyá ẹ ò rí. Kò sí ẹ̀fọn tó lè ti inú ẹyin bọ́ sójú afẹ́fẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Nọ́ọ̀sì_Àdúgbò

Èyí sàn ju ti gbayawu lọ gan-an. Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún un, torí ó lè kó èèyàn sí wàhálà. Nínú àwọn mẹ́ta tí mo dárúkọ, Culex nìkan ló ń to ẹyin pọ̀ báyẹn. Aedes máa ń lẹ tirẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ mọ́ ara korobá nínú, díẹ̀ sókè ojú omi. Ẹyin yẹn lè wà ní gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí omi bá tún kàn án, á pa. Ẹni tó kàn da omi nù, tó sì tún pọn òmíràn sí i, ó ti ta omi sí ẹyin náà ni. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle fọ inú korobá kanrinkanrin nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá dà á nù.

Anopheles ní tiẹ̀ ń yé ẹyọ ẹyọ sójú omi. Ọmọ rẹ̀ ò ní ọ̀pá tó fi ń mí bíi ti àwọn yòókù, kì í dorí kodò. Ńṣe ló máa ń sùn gbalaja lábẹ́ ojú omi. Ẹ má sin èyí tẹ́ ẹ bá rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fún ẹja jẹ lójú ẹsẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ dà á sórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Èmi ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi pé dídì ló tọ́ fún ilé tí ọmọdé wà.

Olóògùn_Ẹja

Apá kan nínú ìbéèrè náà wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn: ṣé omi náà lè kó àrùn ran ẹja? Omi òjò tó wà nínú korobá, tí ẹja ò gbé ibẹ̀ rí, kò léwu tó omi adágún tàbí odò, torí ọ̀pọ̀ àfòmọ́ tó ń ba ẹja jà ló nílò ẹja kí ìran wọn tó lè máa bá a lọ. Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni oògùn. Níbi tí wọ́n bá ti ń fín oògùn apakòkòrò, tàbí tí òrùlé àti ọgbà ibẹ̀ ti gba oògùn, ẹ má kó tanwíjí ibẹ̀. Tanwíjí tó bá ń rìn bí ẹni tó ń tòògbé, tí kì í sá nígbà tí òjìji bá bọ́ sórí omi, ẹ má fún ẹja.

Nípa bloodworm: kì í ṣe ọmọ ẹ̀fọn. Ọmọ kòkòrò midge ni, èyí tó jọ ẹ̀fọn àmọ́ tí kì í mu ẹ̀jẹ̀. Hemoglobin tó wà nínú ara rẹ̀ ló jẹ́ kó pupa, òun ló sì ń jẹ́ kó lè gbé inú ẹrẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ò tó. Hemoglobin kan náà yìí ló ń yọ ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Ojú á máa yún wọn, wọ́n á máa sín, ara á lé, àwọn mìíràn á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Èyí tó gbẹ ló burú jù torí eruku rẹ̀ ń fò. Ẹ má tẹ ojú yín sórí agolo rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣí i, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má fi ọwọ́ tẹ́ ẹ fi kàn án nu ojú. Ẹni tó bá ti kíyè sí i pé ó ń ṣe òun báyìí, kó jáwọ́ pátápátá, torí ara lè túbọ̀ máa kọ̀ ọ́ sí i bó ṣe ń fọwọ́ kàn án. Ẹ gbé e kúrò níbi tí ọmọ yín lè dé.

Nínú àwọn páálí dídì, èyí tó dúdú ni tanwíjí gan-an. Èyí tó pupa ni bloodworm. Èyí tó mọ́ gaara, tí ẹ lè wo inú rẹ̀ já, ọmọ Chaoborus ni, kòkòrò mìíràn tó jọ ẹ̀fọn. Tí mo bá fẹ́ mú ẹja bímọ, dúdú ni mo ń mú, mo sì ń fi pupa há a láàárín.

Tetra_Àdúláwọ̀

Ẹ má gbàgbé tubifex o. Ìdin ni òun náà, pupa ni, ẹja ò sì ń kọ̀ ọ́.

Olóògùn_Ẹja

Rárá o, tubifex kì í ṣe ìdin. Ẹbí ekòló ni, kì í di kòkòrò tó ń fò láéláé. Inú ẹrẹ̀ tí ìdọ̀tí pọ̀ sí ló ń gbé, òun ló sì ń gbé àfòmọ́ Myxobolus cerebralis, èyí tó ń mú kí ẹja trout máa yí po lójú kan. Tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ lo dídì tàbí gbígbẹ. Ààyè rẹ̀ láti inú ẹrẹ̀ ìta, èmi ò ní dà á sínú táǹkì mi.

Òkúta_Malawi

Gbogbo ẹni tó ń ka èyí kọ́ ló ń sin betta. Tí ẹ bá ń sin mbuna, àwọn ẹja adágún Malawi tó ń họ ewédò lára òkúta jẹ, ẹ ṣọ́ra. Ìfun wọn gùn, oúnjẹ ewéko ni wọ́n dá a fún. Táǹkì tí wọ́n ti ń da bloodworm sí lójoojúmọ́ ni ẹ ti máa ń rí mbuna tí inú rẹ̀ wú, tó kọ oúnjẹ, tí ìgbẹ́ rẹ̀ funfun tó sì gùn bí okùn. Ẹja pleco tó jẹ́ ajewéko náà wà nínú rẹ̀. Ẹ wo ohun tí ẹja ń jẹ níbi tó ti wá kí ẹ tó bọ́ ọ.

Ìyá_Betta

Ẹ ṣeun fún èyí. Mo fẹ́ fi kún un pé bloodworm ń dí betta nínú. Èyí tí mo bá ti fún ní bloodworm, inú rẹ̀ á wú, á sì máa fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tanwíjí ò ṣe é bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹlẹ́yin_Omi

Ìyá, ẹ dákun, mélòó lẹ máa ń fún un lẹ́ẹ̀kan? Ikùn betta kéré gan-an. Ẹyọ kúbù dídì kan pọ̀ jù fún betta kan, àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ju odindi rẹ̀ sí i torí ó kéré lójú wọn. Ẹyọ bloodworm mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fún un lẹ́ẹ̀kan. Gbígbẹ tún yàtọ̀: ẹ rẹ ẹ́ sómi kó rọ̀ ná, torí á wú sí i tó bá mu omi. Tanwíjí ń sá, betta gbọ́dọ̀ lé e kó tó jẹ ẹ́, ìyẹn ni kì í fi í jẹ àjẹjù kíákíá.

Ìyá_Betta

Kúbù odidi ni mò ń lò lóòótọ́, fún ẹyọ kan. Màá dín in kù. Síbẹ̀, mi ò ní sọ ọ́ di oúnjẹ ojoojúmọ́.

Ẹja_Ńlá

Àwa tí ẹja wa tóbi, bíi oscar, tanwíjí ò lè yó wọn. Mealworm, ìdin kòkòrò kan, ni mò ń lò, àti ìdin eṣinṣin dúdú tí wọ́n ń pè ní black soldier fly. Inú èèpo àlìkámà ni mo ti ń sin mealworm, kò ní òórùn, kò nílò omi, kòkòrò rẹ̀ kì í sì í fò kiri ilé. Èèpo ara rẹ̀ ló le. Mo máa ń mú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ èèpo, tó funfun, tó rọ̀.

Ìdin black soldier fly ní kálísíọ̀mù dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀rá inú rẹ̀ pọ̀. Tí ẹ bá gbẹ ẹ́, ọ̀rá lè kó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló tó. Ẹja inú táǹkì kì í rìn jìnnà, ọ̀rá á kàn gbára jọ sí i nínú ni.

Fún ẹni tí kò bá lè ra ìyẹn, ìdin eṣinṣin lásán náà wà. Ẹ fi ẹran tó ti bàjẹ́ síta, wọ́n á kún un láìpẹ́.

Olóògùn_Ẹja

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ títí dé gbólóhùn tó kẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó ìdin orí ẹran jíjẹrà fún ẹja. Kòkòrò àrùn tó wà lára ẹran náà wà nínú ikùn ìdin. Àwọn tó ń sin adìyẹ mọ̀ ọ́n: májèlé botulism lè wà lára òkú ẹran, ìdin á jẹ ẹ́, kò ní ṣe ìdin ní nǹkan kan, adìyẹ tó bá ṣa ìdin náà jẹ á rọ lọ́rùn, á sì kú. Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fàyè gba pùrótéènì irú kòkòrò méje nínú oúnjẹ ẹja ọ̀sìn lọ́dún 2017, eṣinṣin ilé àti black soldier fly wà nínú wọn, ṣùgbọ́n wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ìgbẹ́ ẹran tàbí àjẹkù ilé oúnjẹ sin wọ́n. Ohun tí ìdin jẹ ni ẹja yín máa jẹ.

Ẹja_Ńlá

Ọ̀rọ̀ nípa adìyẹ yẹn ṣe pàtàkì. Ẹ má lo ti ẹran. Èèpo ọkà ni kí ẹ fi sin ín, kẹ́ ẹ sì fi ebi pa á fún ọjọ́ kan kí ikùn rẹ̀ gbófo kí ẹ tó bọ́ ẹja.

Adágún_Kékeré

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀nà ẹyin ni mo mú, mo sì fọ korobá bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí. Ìgò méjì ló wà níta báyìí, mo so nẹ́ẹ̀tì mọ́ wọn lẹ́nu. Inú ọ̀kan lára àwọn abo ti ń yọ, akọ sì ti ń na lẹbẹ rẹ̀ sí i. Tí wọ́n bá bímọ, ṣé mo lè fún àwọn ọmọ ní tanwíjí wẹ́wẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa?

Bàbá_Aláwọ̀n

Ó yá kíákíá! Àmọ́ rárá, ẹ má tíì fún wọn. Ẹnu ọmọ betta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wẹ̀ kéré gan-an, kò lè gba tanwíjí ọjọ́ kìíní. Àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú lásán kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, tó ń hù nínú omi tí ewé ti rà sí, ni wọ́n ń jẹ ná, lẹ́yìn náà ọmọ brine shrimp, ìyẹn edé wẹ́wẹ́ inú omi iyọ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí tanwíjí wẹ́wẹ́ tó kàn.

Ẹ má sì da ọmọ Chaoborus, èyí tó mọ́ gaara yẹn, sí táǹkì wọn láàyè. Apẹran ni, ó ń gbá nǹkan mú, ó lè jẹ ọmọ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ẹni tó bá ń fi àwọ̀n gbọ́n ìdin nínú adágún, ẹ tú u sínú àwo funfun kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ lámilámi máa ń bá a wọlé, á sápamọ́ sídìí ewéko, ọmọ ẹja á máa dín kù tí ẹ ò ní mọ ohun tó ń jẹ wọ́n.

Tetra_Àdúláwọ̀

Ìgò mi kan pa lẹ́ẹ̀kan náà, tanwíjí pọ̀ ju ohun tí tetra lè jẹ lọ. Ṣé mo lè gbé e sí fíríìsà?

Ẹlẹ́yin_Omi

Ẹ lè gbé e. Ẹ kó wọn kí wọ́n tó ká kò, ẹ ṣàn wọ́n nínú asẹ́, ẹ jẹ́ kí omi ro kúrò lára wọn, kẹ́ ẹ wá tẹ́ wọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú ọ̀rá, kó lè jẹ́ pé ẹ kàn máa ṣẹ́ ìwọ̀n tẹ́ ẹ fẹ́ lò. Dídì yẹn á pa ọ̀pọ̀ àfòmọ́, àmọ́ kì í pa gbogbo bakitéríà, torí náà tanwíjí tó ti kú kí ẹ tó kó o, ẹ dà á nù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ jẹ́ kó yọ́ nínú omi táǹkì díẹ̀, ẹ dà á sínú asẹ́, ẹ da omi tó yọ́ yẹn nù, torí ó máa ń ba omi táǹkì jẹ́. Èyí tó bá ti yọ́, ẹ má tún dá a padà sí fíríìsà.

Nọ́ọ̀sì_Àdúgbò

Tó bá jẹ́ fíríìsà tí oúnjẹ ilé wà nínú rẹ̀ ni, ẹ fi ọ̀rá náà sínú ike onídèérí, ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i lára. Bó bá jẹ́ bloodworm, ẹ fi ọ̀rá méjì dì í.